Ọkọ́ Tí Ó Yẹ Kí Ó Ti Ìmọ̀rẹ̀ Wá

Ní Ìyànà Ìbà, lẹ́yìn ibi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà tí wọ́n kọ "Ọ̀gá Tíṣà: A Ń Tẹ̀wé, A Ń Ṣe Fọ́tòkópì" sí iwájú rẹ̀. Àsánì Ògúnlẹ́yẹ ló ni ín, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ní Okokomaiko. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, tàbí tó fẹ́ ìwé fún ayálégbé tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀dọ̀ Àsánì ni yóò lọ, nítorí kì í kánjú, kì í sì í ṣi ọ̀rọ̀ kọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù ni ìwé pẹlẹbẹ olójú-ewé mẹ́rìnlélógún kan tó kọ ní ọdún 2007. Ìwé Ajùmọ̀gbẹ́lẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Ajùmọ̀gbẹ́lẹ̀ ni orúkọ àtijọ́ tí wọ́n ń pe ìlú kéékèèké mẹ́rin tó ti wà níbẹ̀ kí títì Badagry tó dé, kí àwọn sójà ojú omi tó kọ́ Navy Town, kí ẹ̀sítéètì Ìbà tó gba oko. Lónìí, àdúgbò lásán ni wọ́n jọ lójú àlejò. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà kò ní mọ ìgbà tó jáde nínú ọ̀kan tó sì bọ́ sínú èkejì. Àwọn onílé ibẹ̀ mọ ààlà wọn. Ìdí-Ọdán, Òkè-Àgbọn àti Ìmọ̀rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ tó ga. Ẹ̀bá-Irà, tó kéré jù nínú wọn, wà nísàlẹ̀, níbi tí omi ti ń wọ àgbàlá lọ́dọọdún bí òjò bá pọ̀.

Ìtumọ̀ orúkọ náà kò fara pamọ́: àwọn tó ń jùmọ̀ gbẹ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ náà sì ni sàréè. Ní ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, kò sí ìlú tó ń dá gbẹ́ sàréè òkú tirẹ̀. Ìlú tó ni òkú á gbẹ́ apá orí, àwọn mẹ́ta yòókù á mú ọkọ́ wá. Ìdí-Ọdán ló ń gbẹ́ apá ọ̀tún, Òkè-Àgbọn apá òsì, Ìmọ̀rẹ̀ apá ẹsẹ̀. Bí òkú bá sì jẹ́ ti ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí, Ẹ̀bá-Irà ni yóò bọ́ sí àyè rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù dé, lẹ́mọ́ọ̀mù ìgbà náà wò ó, ó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí wọ́n bá ṣáà ti kọ sàréè sí ibi tó yẹ kó kọjú sí. Àwọn onígbàgbọ́ náà kò yọwọ́.

Ẹni tó bá gbẹ́ tirẹ̀ tán kì í gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sílé. Yóò fi í sílẹ̀ lẹ́bàá sàréè, ẹbí òkú á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì dá a padà fún un ní ọjọ́ kẹta. Bí ìlú kan kò bá wá, ẹbí òkú fúnra wọn ni wọ́n á gbẹ́ apá ìlú náà, kò sì ní sí ọkọ́ tí wọ́n máa dá padà. Àwọn ará ibẹ̀ kò mọ ẹ̀tẹ́ tó ju ìyẹn lọ.

Ohun tó wà nínú ìwé Àsánì yàtọ̀ sí èyí. Ìwé náà sọ pé ìlú mẹ́ta ló ń jẹ́ Ajùmọ̀gbẹ́lẹ̀. Ó ní nígbà tí ogun ń bọ̀, Ìdí-Ọdán, Òkè-Àgbọn àti Ìmọ̀rẹ̀ jùmọ̀ gbẹ́ yàrà ńlá kan yí ara wọn ká, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, àti pé ìrántí yàrà yẹn ni wọ́n fi ń jùmọ̀ gbẹ́ sàréè. Kò sí Ẹ̀bá-Irà ní ojú-ewé kankan. Yàrà náà kò sì sí rí. Àsánì ló ronú rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan lórí tábìlì ìjẹun rẹ̀, ó sì mọ̀ bó ṣe ń kọ ọ́ pé irọ́ ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ní ọdún 2006, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ń kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n sì fẹ́ ìwé ìtàn tí wọ́n máa pín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Olóyè Ògúndìran láti Ìdí-Ọdán, tó jẹ́ alága wọn, ní Tíṣà nìkan ló tó o kọ. Àsánì ra rẹ́kọ́dà kékeré kan ní Alábà, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn àgbà tó bá sọ̀rọ̀ mọ àṣà náà láti orí dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá bi wọ́n bó ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní báwọn ṣe bá a nìyẹn. Gbogbo wọn ló ní kó lọ rí Mùsítúrà ní Ẹ̀bá-Irà.

Mùsítúrà ń hun ẹní. Ọkọ rẹ̀, Ìsmáílà, ń dẹ ìgèrè sínú ọ̀sà. Obìnrin náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà yẹn, kò sì dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró bó ṣe ń sọ ìtàn náà. Ó ní ní ayé ìyá-ìyá òun, àrùn ìgbóná wọ àgbègbè náà. Kí ó tó dé, àwọn ìlú mẹ́ta tó wà lókè kì í bá Ẹ̀bá-Irà da nǹkan pọ̀. Ará inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Nígbà tí ikú wá ń pọ̀, àwọn tí kò tíì kó àrùn náà sá wọ igbó, wọ́n sì fi òkú sílẹ̀ nínú ilé. Àrùn náà ti kọ́kọ́ jà ní Ẹ̀bá-Irà ní ọdún tó ṣáájú, kò sì tún mú ẹni tó ti mú rí. Nítorí náà àwọn tó yè níbẹ̀ gbé ọkọ́, wọ́n gun òkè wá, wọ́n ń sin òkú tí kì í ṣe tiwọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi gbẹ́lẹ̀.

Nígbà náà ni Mùsítúrà gbójú sókè kúrò lára ẹní.

"Òkú tí wọ́n kọ́kọ́ sin ní Ìmọ̀rẹ̀, ìyàwó Abọ́lá ni. Ó ti di ọjọ́ kẹta tó ti kú. Abọ́lá ti sá lọ. Ṣé o mọ Abọ́lá?"

Àsánì, tó jẹ́ ọmọ Ìmọ̀rẹ̀, mọ̀ ọ́n. Òun ló bí bàbá bàbá rẹ̀. Akọni ni wọ́n ń pe Abọ́lá nínú ilé wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí Àsánì fi sọ àkọ́bí rẹ̀ ní orúkọ náà. Ó na ọwọ́ sí rẹ́kọ́dà, ó tẹ̀ ẹ́ pa. Ó sọ fún ìyá náà pé bátìrì ti kú, pé òun á ra òmíràn, òun á sì padà wá ní ọjọ́ kejì kí wọ́n lè parí rẹ̀.

Kò padà lọ. Bátìrì kò sì kú.

Èyí tó máa ń dùn ún jù ni pé ẹnikẹ́ni kò fipá mú un. Kò sí olóyè tó ní kó yọ Ẹ̀bá-Irà kúrò. Bó bá jẹ́ pé wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn ni, ìbá rí ẹni bá a pín ẹ̀bi náà. Ó kàn rò pé bí òun bá dárúkọ Ẹ̀bá-Irà, àwọn èèyàn á fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe dé inú ọ̀rọ̀ náà, bí wọ́n bá sì tọ ìdí rẹ̀ lọ, wọ́n á kan Abọ́lá níbi tó ti ń sá lọ tí òkú ìyàwó rẹ̀ wà lórí ẹní. Ó yọ ìlú kan kúrò kí ojú má bàa ti ilé kan.

Ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n tẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kọ́ yàrà náà sórí, wọ́n fi ṣe eré lọ́jọ́ ìṣíde gbọ̀ngàn, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ orúkọ ìlú mẹ́ta sí ara ògiri. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bí wọ́n bá ń pe ìlú ní ìpàdé, wọn kì í pe Ẹ̀bá-Irà mọ́. Àwọn àgbà tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ń kú lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù ń sọ pé ohun tí Tíṣà bá ti kọ, ó ní láti jẹ́ pé ó wádìí rẹ̀ dáadáa.

Ìsmáílà kú ní ọdún 2018, ní ọjọ́ Wẹ́sìdé kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Basit, olórí àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Àgbọn, tí Àsánì kọ́ ní kíláàsì kẹrin, ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ó mú ìwé náà jáde, ó fi ojú-ewé kẹfà hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n fi ìka tọ ibi tí Ẹ̀bá-Irà wà. Nígbà tí ìròyìn ìyẹn tàn dé Ìdí-Ọdán àti Ìmọ̀rẹ̀, àwọn náà fi ọkọ́ wọn sílẹ̀.

Ẹni tó wá ṣe fọ́tòkópì ló sọ ọ́ fún Àsánì, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Ọkọ́ wà nílé rẹ̀. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni Ẹ̀bá-Irà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ iṣẹ́ ọmọ yunifásítì kan títí wọ́n fi pe ìrun alásárì. Àwọn ọmọ Ìsmáílà ló gbẹ́ apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ọjọ́ kejì, Àsánì tẹ ìwé ìbánikẹ́dùn kan sórí bébà tó nípọn, ó fi ilà dúdú yí i ká, ó sì fi ránṣẹ́. Mùsítúrà ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin náà kò bínú sí i lójú rí. Bó bá ru ẹní wá sí Ìyànà Ìbà, á dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Tíṣà, o kú iṣẹ́ o." Àsánì á dìde, á kí i padà bó ti yẹ, ara rẹ̀ á sì máa gbóná títí di ọ̀sán. Nígbà tó yá, bó bá ti rí ẹrù ẹní lókèèrè lórí èèyàn, á wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, á ní òun ń wá bébà.

Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè pinnu pé ọ̀dà ara ògiri ti ń ṣí, pé òkúta ni àwọn máa gbé síwájú gbọ̀ngàn báyìí, kí wọ́n gbẹ́ orúkọ Ajùmọ̀gbẹ́lẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ àti àwọn ìlú tó ni ín sára rẹ̀ kó lè wà títí ayé. Olóyè Ògúndìran gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa gbẹ́ náà lọ́wọ́ Àsánì. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ṣàkírát, ọmọ ọmọ Mùsítúrà tó ń ránṣọ ní ẹ̀sítéètì Ìbà, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Ó ní màmá àgbà kò lè dìde mọ́, wọ́n sì ní kí Tíṣà jọ̀ọ́ wá ka ìwé rẹ̀ sí àwọn létí, nítorí ẹnikẹ́ni kò kà á fún àwọn rí.

"Mo ní kí n kà á fún wọn, sà," ló wí. "Wọ́n ní kì í ṣe ohùn mi làwọn fẹ́ gbọ́."

Nílé, Àsánì kò lè jẹun. Maimunat, ìyàwó rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, ó bi í ohun tó ṣẹlẹ̀, Àsánì sì sọ ọ́ fún un, láti ọjọ́ rẹ́kọ́dà títí dé ọjọ́ ìsìnkú Ìsmáílà. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Maimunat ṣa ẹ̀wà náà tán kó tó dáhùn.

"Bàbá Abọ́lá, ọmọ wa lẹ wá lọ sọ lórúkọ yẹn," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wọ́n ní kí ẹ wá kàwé. Ẹ lọ kà á."

Ó lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdé. Mùsítúrà wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé sókè nítorí omi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ó mọ ìró bàtà rẹ̀. Àsánì jókòó lórí àga, ó ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi yàrà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyá náà sì ní kó gbé e sókè, etí òun kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó kà á títí dé òpin, títí kan ibi tí ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Orúkọ Mùsítúrà kò sí níbẹ̀.

"Ìwé náà dùn," ni Mùsítúrà wí. "Yàrà yẹn, níbo ló wà?"

"Kò sí yàrà kankan, Màmá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ikọ́ sì dá a dúró. "Bátìrì ńkọ́? Ó di ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń retí bátìrì."

Àsánì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá náà gbọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀, ó ní kó dìde kúrò nínú omi, kó má ba aṣọ tí Maimunat máa fọ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá parí ìtàn tó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006.

Ó ní ní ọjọ́ keje, Abọ́lá jáde nínú igbó. Ó bá ilé lófo, ó rí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bò lẹ́yìn ilé, ó bèèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ, wọ́n sọ fún un. Fún oṣù bíi mélòó kan, kì í bá ẹnikẹ́ni jẹun. Ọjọ́ tí èèyàn kan wá kú ní Ẹ̀bá-Irà, Abọ́lá nìkan gbé ọkọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọn kò kí i. Ó dúró sí apá ẹsẹ̀, níbi tí kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́. Wọn kò lé e. Nígbà tí òmíràn kú, ó mú ará Ìmọ̀rẹ̀ méjì wá. Lẹ́yìn wọn ni Ìdí-Ọdán wá, lẹ́yìn náà ni Òkè-Àgbọn. Ìgbà náà ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ pe ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Ajùmọ̀gbẹ́lẹ̀.

"Ẹni tó sá lọ ló dá orúkọ náà sílẹ̀," ni Mùsítúrà wí. "Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Àṣàbí ni orúkọ ìyàwó rẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà. Ó ṣèlérí pé òun á rí Olóyè Ògúndìran kí wọ́n tó gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára òkúta, òun á sì sọ fún gbogbo ìlú. Ìyá náà kò sọ pé kó ṣe é, kò sì sọ pé kó má ṣe é. Ó ní oorun ń kun òun.

Ẹni tó mọ Àsánì á rò pé ọ̀dọ̀ Ògúndìran ló gbà lọ lọ́jọ́ yẹn. Kò lọ. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní ó dára kí òun kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ létòlétò ná. Ó tẹ lẹ́tà kan lọ́jọ́ Fúráìdé, ó pa á rẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé ó tún òmíràn tẹ̀, ó gùn jù. Ọjọ́ Ajé, ó ti kọ ọ́ délẹ̀, ó kù kó fọwọ́ sí i, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ó di ọ̀la. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje kò tíì lù, Ṣàkírát pè é lórí fóònù. Mùsítúrà ti kú. Lẹ́yìn ìrun àìlà ni wọ́n máa sin ín.

Ìpàdé lórí òkúta bọ́ sí òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Nígbà tí Àsánì dé gbọ̀ngàn, Olóyè Ògúndìran àti Basit wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn márùn-ún mìíràn, wọ́n ń wo òkúta náà níbi tí wọ́n gbé e tì sára ògiri. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ tán, ìlú mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Àsánì kò jókòó. Lẹ́tà wà nínú àpò rẹ̀, kò mú un jáde.

"Irọ́ ni mo kọ sínú ìwé yẹn," ló wí. "Kò sí yàrà. Ìlú mẹ́rin ni wá. Ẹ̀bá-Irà ló sin òkú àwọn bàbá wa nígbà tí àwọn tiwa sá lọ, bàbá ńlá mi sì wà lára àwọn tó sá. Ojú ló tì mí, mo fi yọ wọ́n. Ìyá tó sọ ọ́ fún mi ti kú láàárọ̀ yìí. Mo fẹ́ ọkọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó kírun àìlà."

Olóyè Ògúndìran ní ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, pé ó yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ pe ìpàdé lé e lórí, pé òkúta kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi rọ́bà pa rẹ́. Àsánì ní òkú kò ní dúró de ìpàdé. Basit wà nídìí òkúta, kò gbójú sókè.

"Ọ̀gá," ló wí nígbà tó yá, "ẹnu ọ̀nà yìí ni mo ti dá àwọn ọmọ Bàbá Ìsmáílà padà. Mo ní kí wọ́n fi ìka tọ ìlú wọn nínú ìwé yín. Mo tún rẹ́rìn-ín. Ojú wo lẹ fẹ́ kí n fi gbé ọkọ́ dé iwájú wọn lónìí?"

Àsánì mọ ojú náà. Ó fẹ́ sọ fún un pé irú ojú bẹ́ẹ̀ ni kó gbé lọ, ṣùgbọ́n ta ni òun tí òun á máa kọ́ ọmọ ní ìyẹn? Ó yípadà, ó lọ sílé. Maimunat ti gbé ọkọ́ náà síta, ó fi tì sára òpó.

Àwọn tó ń tajà ní Ìyànà Ìbà rí Tíṣà lọ́jọ́ yẹn tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, tó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí gbọ̀ngàn, tó ń kọjá láàárín kẹ̀kẹ́ márúwá. Ẹnì kan bi í bóyá ó ti lọ gba oko. Ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ní Ẹ̀bá-Irà, àwọn ọmọ Mùsítúrà ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò ránṣẹ́ sí ìlú kankan lọ́tẹ̀ yìí. Akeem, àkọ́bí ọmọkùnrin rẹ̀, ti gbẹ́ apá orí dé orókún, àbúrò rẹ̀ sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ apá ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí Àsánì, wọ́n dá ọwọ́ dúró. Akeem wò ó, ó wo ọkọ́ náà. Kò kí i. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó fi orí júwe fún àbúrò rẹ̀ pé kó jáde kúrò níbẹ̀, àbúrò náà sì jáde.

Àsánì bọ́ bàtà, ó bọ́ sí apá ẹsẹ̀ tó jẹ́ ti Ìmọ̀rẹ̀, ó ń gbẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ lókè, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń jìn ni omi ń sun jáde, tí ẹrẹ̀ sì ń fa ẹsẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tó ti fọwọ́ kan ọkọ́ fún iṣẹ́ gidi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé, ó bẹ́, ó ń bá a lọ. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, àwọn ọkùnrin méjì láti Ìdí-Ọdán dé, wọ́n ní Olóyè ní kí àwọn wá. Wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Òkè-Àgbọn kò wá. Lẹ́ẹ̀mejì ni Àsánì gbójú wo ọ̀nà.

Nígbà tó gbẹ́ tirẹ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí súnmọ́ apá òsì. Akeem na ọwọ́, ó di ẹ̀rú ọkọ́ náà mú.

"Ìyẹn kì í ṣe tiyín, Bàbá. Àwa la máa ń gbẹ́ ti ẹni tí ò wá. Ó ti mọ́ wa lára."

Àsánì jáde, ó fi ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá kòtò, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ẹrẹ̀. Akeem àti àbúrò rẹ̀ gbẹ́ apá òsì. Wọ́n to pákó sí ìsàlẹ̀ nítorí omi, lẹ́mọ́ọ̀mù kírun sí i lára, wọ́n sì gbé Mùsítúrà sínú ilẹ̀. Àsánì dá yẹ̀pẹ̀ lé e bíi ti gbogbo èèyàn, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sílé nítorí kò rántí bàtà rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, Ṣàkírát gbé ọkọ́ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó fi aṣọ funfun kékeré kan wé ẹnu rẹ̀, ó gbé bàtà tí Àsánì gbàgbé lé e lórí. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní àwọn bàbá òun kí i. Wọ́n ní kí òun sọ fún un pé kò gbẹ́ ibẹ̀ dọ́gba, pé ìdí apá ẹsẹ̀ wọ́, àwọn ní láti tún un ṣe nígbà tó kúrò níbẹ̀.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," ni Àsánì wí.

Ó bi í bóyá ó tún ku ọkọ́ mìíràn tí wọ́n máa dá padà. Ṣàkírát ní ti Ìdí-Ọdán nìkan, ibẹ̀ lòun ń lọ báyìí.

Òkúta náà ṣì wà lára ògiri gbọ̀ngàn, wọ́n ti yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Àsánì ti tún ìwé náà kọ, ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí Àṣàbí, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra rẹ̀ ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ó ń fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á. Basit wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan láti ṣe fọ́tòkópì ìwé ilẹ̀. Ó rí ọkọ́ níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó wò ó pẹ́, ó mú ẹ̀dà kan nínú ìwé tuntun náà, kò ṣí i, ó sì lọ.

Àwọn ọmọ yunifásítì tí kò mọ nǹkan kan máa ń bi í léèrè bóyá ó ń ta ọkọ́ pẹ̀lú. Á ní rárá, ẹnì kan ló dá a padà fún òun. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ sí i, á sọ ìtàn náà fún wọn, ti Àṣàbí, ti Abọ́lá, ti ìyá tó ń hun ẹní, títí dé orí sàréè tó wà ní Ẹ̀bá-Irà. Ṣùgbọ́n sàréè méjì ló wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti Ìsmáílà ni èkejì, apá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Àsánì kì í fẹ́ wò bó bá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí ọwọ́ àwọn ọmọ òkú ló gbẹ́ ẹ, kò sì sí ẹni tó lè tún un gbẹ́ mọ́.